Bí A Ṣe Ń Bó Ọ̀dà Àtijọ́ Láìfi Ara Wa Wéwu

Bí o bá gba Mọ́níyà wọ Ìjàyè, tí o sì yà sí àwọn abúlé tí ó wà lọ́tùn-ún lósì, o ó rí ilé púpọ̀ tí àwọn baba wa fi owó kòkó kọ́. Pákó ni ilẹ̀kùn àti fèrèsé wọn, wọ́n sì kùn wọ́n ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, tàbí pupa, tàbí èyí tí ó dà bí àwọ̀ ìyeyè. Lónìí ọ̀dà náà ti ń ṣí lára pákó bí ìpẹ́ ẹja. Onílé fẹ́ kun òmíràn kí àlejò tó dé fún ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀dà tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tí ó ti ń ṣí. Bí a bá kùn ún bẹ́ẹ̀, òjò kan ṣoṣo tó láti mú tuntun àti àtijọ́ wó lulẹ̀ pọ̀. Nítorí náà a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bó ti àtijọ́ kúrò. Iṣẹ́ náà kò le lójú, àwọn ọmọ tí ó wálé fún ìsinmi ni a sì sábà máa ń gbé e fún. Ohun tí ó mú mi fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ ní kíkún ni èyí, nítorí ewu inú rẹ̀ kò hàn sí ojú.

Ohun tí ó yẹ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni ohun tí ó wà nínú ọ̀dà àtijọ́. O mọ òjé, irin wúwo tí ó rọ̀, tí àwọn olórìṣà fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń ṣe ọ̀dà fi ń po òjé mọ́ ọn. Òjé a máa mú kí ọ̀dà tètè gbẹ, kí àwọ̀ rẹ̀ má tètè ṣá, kí omi má sì tètè bà á jẹ́. Òjé wà nínú ọ̀dà funfun ti àtijọ́, ó wà nínú èyí tí ó ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì pọ̀ nínú ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ kun irin kí ó má baà dípata. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, láti 1978 ni ìjọba ti fòfin de ọ̀dà olójé fún ilé gbígbé. Ní ilẹ̀ tiwa, ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó fọkàn sí i. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 2007 lórí ọ̀dà ilé tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà nígbà náà fi hàn pé èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ni ó ní òjé ju 600 lọ nínú 1,000,000. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń fẹ́ lónìí kò ju 90 lọ nínú 1,000,000. Nítorí náà má ṣe rò pé ilé baba-ńlá rẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ilé tí a kùn nígbà tí o wà ní kékeré pàápàá lè wà nínú rẹ̀. Ojú lásán kò sì lè dá ọ̀dà olójé mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní òjé. Ọ̀nà tí ó dára ni kí o ka gbogbo ọ̀dà àtijọ́ sí olójé.

Bí ọ̀dà náà bá wà lára ilẹ̀kùn jẹ́ẹ́, tí kò ṣí, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ìgbà tí a bá ń họ ọ́ ni ó ń di eruku, eruku yìí ni a sì ń fà símú, tí a ń gbé mì pẹ̀lú ẹ̀kọ tí a fi ọwọ́ àìfọ̀ jẹ. Òjé tí ó bá ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ yóò lọ bá ọpọlọ àti kíndìnrín, èyí tí ó pọ̀ jù yóò sì fi inú egungun ṣe ilé, yóò sì wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn àgbà a máa sọ pé wọ́n ti fi òjé bọ olóòṣà lọ́wọ́, ó ku baba ẹni tí yóò bọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ àwàdà ni wọ́n fi ń ṣe, ṣùgbọ́n bí ó ti rí nínú egungun gan-an ni.

Ọmọdé ni ó fara gbá a jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú òjé tí ọmọ kékeré bá gbé mì, ara rẹ̀ a máa fà á mu tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè má ṣàìsàn tí a ó fi ojú rí. A ó kàn rí i pé kò lè fara balẹ̀, ẹ̀kọ́ kò sì wọ orí rẹ̀ bí ó ti yẹ. Olùkọ́ yóò máa nà án, ìyá yóò máa pè é ní olódo, kò sì sí ẹni tí yóò rántí fèrèsé tí ó ń họ jẹ. Mo ní ó ń họ jẹ, nítorí ọ̀dà olójé a máa dùn lẹ́nu díẹ̀. Bí òjé bá sì pọ̀ lára, ikú ni. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ó lé ní 400 ọmọdé tí ó kú nípa òjé. Ti wọn kì í ṣe ti ọ̀dà. Òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ ni àwọn òbí wọn ń lọ̀ ní agbo ilé. Ṣùgbọ́n eruku ni ó pa wọ́n, eruku kan náà ni a sì ń sọ yìí.

Wàyí o, a lè bọ́ sí orí iṣẹ́. Kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun, yan ibi tí o ó ti ṣe é. Ìta gbangba ni, kì í ṣe inú yàrá tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó jìnnà sí kànga, sí ibi ìdáná, sí ibi tí a ń sá èlùbọ́ àti ẹ̀gẹ́ sí, kí afẹ́fẹ́ má sì máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ sí ilé. Lé àwọn ọmọ kékeré jìnnà, kí aboyún má sì sún mọ́ ibẹ̀ rárá, nítorí òjé a máa ti ara ìyá dé ara ọmọ inú. So ewúrẹ́ mọ́lẹ̀, kí o sì dé adìyẹ mọ́ inú àgò. Kì í ṣe àṣejù ni mo ń ṣe. Adìyẹ a máa ṣa èépá ọ̀dà jẹ bí ẹni ń ṣa àgbàdo, òjé náà a sì máa hàn nínú ẹyin tí ó bá yé.

Tẹ́ ọ̀rá fífẹ̀ kan sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń bo kòkó nígbà òjò. Yọ ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé náà kúrò lára ògiri, kí o sì gbé e lé àpótí méjì lórí ọ̀rá náà. Iṣẹ́ orí ìdúró a máa mú kí eruku dà sí ojú ẹni. Wọ aṣọ àtijọ́ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀, bàtà tí ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìbọ̀wọ́ àti awò tí ó bo ojú yíká. Ní ti ìbomú, aṣọ tí a fi dí imú lásán kò tó. Wá ìbomú líle tí àwọn tí ń lọ òkúta tàbí tí ń fín ọ̀dà ọkọ̀ máa ń lò. O lè rà á lọ́wọ́ àwọn tí ń ta irinṣẹ́. Pọn omi tó garawa méjì sí tòsí, kí o fi ọṣẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Omi ni ọ̀gá iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi irin họ ọ̀dà gbígbẹ títí gbogbo agbo ilé yóò fi kún fún eruku, wọn a sì rò pé bí eruku bá ti pọ̀ tó ni iṣẹ́ ti ń lọ tó. Rárá o. Rẹ aṣọ sínú omi, fi pa ojú pákó náà títí yóò fi tutù dáadáa, kí o sì fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí àwọn akunlé fi ń fá ògiri fá èyí tí ó ti ń ṣí. Máa fá a lọ sí ìhà kan náà tí ìlà igi náà dojú kọ. Bí o bá fá a ní ìbú, ọ̀bẹ yóò gé igi. Bí ibi tí ò ń fá bá ti ń gbẹ, tún un rẹ. Èépá tí ó bá já kò ní fò. Yóò lẹ̀ mọ́ ọ̀rá bí ewé tí òjò pa.

Lẹ́yìn èyí ni sáńpépà. Ra èyí tí a lè fi omi lò, tí àwọn tí ń kun ọkọ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà wà ní ẹ̀yìn rẹ̀: bí nọ́ńbà bá ti kéré tó ni ó ń le tó. Fi 80 bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀dà ti ki, bọ́ sí 180, kí o sì fi 220 parí rẹ̀. Máa rì í sínú omi léraléra. Omi inú abọ́ náà yóò di bí omi ẹ̀kọ, kí o má dà á sí ẹ̀yìnkùlé. A ó dé orí rẹ̀ láìpẹ́. Ẹ̀rọ oníná tí ń fi sáńpépà yí bìrí yá ju ọwọ́ lọ, lóòótọ́, ṣùgbọ́n eruku tí ó ń tú sókè ní ìṣẹ́jú kan ju ti ọwọ́ ní ọjọ́ kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi omi sí i. Má ṣe lò ó fún ọ̀dà àtijọ́.

Àwọn kan a máa fi iná sun ọ̀dà. Wọn a gbé iná gáàsì tàbí ògùṣọ̀ sí i, ọ̀dà a sì yọ́, wọn a fi irin họ ọ́ bí ẹni họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Èmi kò fọwọ́ sí i. Iná tí ó gbóná tó bẹ́ẹ̀ a máa sọ òjé di èéfín, èéfín ni ó sì ń tètè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ju ohunkóhun lọ. Pákó tí ó ti gbẹ fún 60 ọdún a sì máa gbaná láti inú, tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i, títí di òru. Ìdí kan náà ni a kò fi gbọdọ̀ fi pákó ọlọ́dà dáná oúnjẹ, bí igi tilẹ̀ wọ́n.

Ọ̀nà kẹta ni ti kẹ́míkà, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí o fi ara balẹ̀ sí. Kẹ́míkà méjì ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa mọ̀ jù. Èkíní ni kọ́sítíìkì sódà, tí àwọn tí ń ṣe ọṣẹ ń rà. Ó ń bó ọ̀dà lóòótọ́, nítorí pé ó ń sọ epo inú ọ̀dà di ọṣẹ. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń ṣe sí ọ̀dà ni ó ń ṣe sí awọ ara, ó sì ń fọ́ ojú. A máa sọ pákó di dúdú, a sì máa rọ̀ ọ́, nítorí náà irin nìkan ni ó bá mu. Bí a bá fẹ́ pò ó, omi ni a kọ́kọ́ ń bù, kí a tó máa da sódà sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá da omi lé sódà lórí yóò rí i tí yóò hó, tí yóò sì ta sí i lójú. Abọ́ ike líle ni kí a lò, kì í ṣe ìkòkò alumíníọ́mù, nítorí sódà a máa jẹ alumíníọ́mù, a sì máa tú afẹ́fẹ́ tí ń gbiná jáde. Bí ó bá ta sí ọ lára, bọ́ aṣọ ibẹ̀, kí o sì máa da omi sí i fún 20 ìṣẹ́jú ó kéré tán. Bí ó bá jẹ́ ojú ni, máa da omi sí i bẹ́ẹ̀, kí o sì gba ilé-ìwòsàn lọ.

Má ṣe rọ ọ́ sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí ife ìmumi láé. Ní ilẹ̀ wa yìí, ọmọ tí ó gbé omi sódà mu nítorí pé ó rí i nínú ìgò tí ó mọ̀ kì í ṣe àjèjì sí àwọn dókítà. Ọ̀nà ọ̀fun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa sún kì, débi pé kò ní lè gbé òkèlè mì mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú rẹ, má ṣe rọ epo pupa sí ọmọ náà lẹ́nu, má sì fipá mú un bì. Epo kò pa á, bíbì yóò sì mú kí sódà náà gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá nígbà kejì. Fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí o sì gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá.

Kẹ́míkà kejì ni oògùn ìbódà inú agolo, tí àwọn tí ń tún ara ọkọ̀ ṣe ń kùn sára irin, tí ọ̀dà yóò sì wú sókè bí ìléròrò. Agbára púpọ̀ nínú wọn wà lọ́wọ́ kẹ́míkà tí à ń pè ní methylene chloride. Òórùn rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, a máa rọ̀ sílẹ̀ nínú yàrá bí omi ti ń rọ̀ sínú kòtò. Bí ènìyàn bá fà á símú, ara a sọ ọ́ di irú afẹ́fẹ́ olóró kan náà tí ń jáde láti inú jẹnẹrétọ̀. Ó ti pa àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú balùwẹ̀ tóóró, tí wọ́n ń bó ọ̀dà ibi ìwẹ̀. Ní 2019 ni ìjọba ibẹ̀ fi òfin de títà rẹ̀ fún aráàlú láti fi bó ọ̀dà. Nítorí náà ka ohun tí a kọ sára agolo kí o tó san owó. Bí o bá rí orúkọ yẹn, fi sílẹ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́.

Irin kò ní wàhálà púpọ̀. Ṣíbítì fèrèsé, gééètì, férémù kẹ̀kẹ́: rẹ ẹ́, fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ nínú omi, lo sáńpépà, nù ún gbẹ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí o sì kun ọ̀dà àkọ́kùn sí i ní ọjọ́ yẹn gan-an, nítorí irin tí a bó sílẹ̀ di ọjọ́ kejì yóò ti dípata.

Ike ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ọmọ ìyá tí ó wà ní ìlú òyìnbó lè fi ọkọ̀ ìṣeré ránṣẹ́, irú èyí tí a ń jókòó síbì kan darí bí ẹni pé àǹjọ̀nú ni ó ń wà á. Lẹ́yìn ọdún méjì ọ̀dà rẹ̀ á ti bó, ọmọ á sì fẹ́ kun òmíràn. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò sáré mú ni tínà. Lójú ẹsẹ̀ ni ike náà yóò di funfun bí ojú afọ́jú, yóò sì sán. Ara ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí ó fẹ́lẹ́ tí ó sì ń mọ́lẹ̀ bí dígí, ni a fi ike kan tí à ń pè ní polycarbonate ṣe. Inú ni wọ́n ti ń kun ọ̀dà rẹ̀, kí ìta lè máa dán, nítorí náà inú ni kí o ti bó o. Tínà, pẹtiróòlù, ásítóònù tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná, àti kọ́sítíìkì, gbogbo wọn ni ọ̀tá rẹ̀. Èyí tí ó gbà á ni sípíríìtì tí àwọn atún-fóònù-ṣe fi ń fọ inú fóònù, tí a kọ isopropyl alcohol sí lára. Yọ bátìrì àti gbogbo ohun tí iná ń gbà kọjá kúrò, kí ike nìkan ṣẹ́ kù. Kán sípíríìtì náà sí kọ̀rọ̀ kan tí kò hàn, kí o dúró wò ó fún bí wákàtí kan. Bí ike náà kò bá yí padà, fi òwú tí ó rin bo ibi tí ọ̀dà wà, dúró díẹ̀, kí o sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ máa fọ̀ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Má lo irin. Yóò gba sùúrù, nígbà mìíràn ó tó ọjọ́ méjì. Sípíríìtì a máa gbaná kíákíá, nítorí náà kí ààrò, àtùpà àti sìgá jìnnà síbẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọ̀dà kan kò gbọ́ ti sípíríìtì, fi sáńpépà 400 àti omi pa ojú rẹ̀ kí ó lè gba ọ̀dà tuntun, kí o sì fi í sílẹ̀. Ọkọ̀ tí ó nípọn díẹ̀ sàn ju ọkọ̀ tí ó fọ́ lọ.

Bí ẹ bá bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ibi tí iṣẹ́ yìí parí sí, yóò ní ibi tí ọ̀dà tán lára pákó ni, àní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni mo ń rí nínú ìwé ìdánwò, tí alàyé a dédé já. Ó ku ìdajì iṣẹ́. Ká ọ̀rá náà láti etí wá sí àárín, kí gbogbo èépá wà nínú rẹ̀, kí o sì dì í pinpin. Omi inú abọ́, jẹ́ kí ó tòrò di ọjọ́ kejì, kí pàǹtí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè dì. Da omi orí rẹ̀ gba inú aṣọ níbi tí kò sí oko, odò tàbí kànga, kí o sì fi aṣọ náà àti pàǹtí rẹ̀ sínú ọ̀rá kan náà. Kó o fún ọkọ̀ akólẹ̀. Má sun ún. Má sì dà á sí ààtàn ẹ̀yìnkùlé, nítorí òjé kì í jẹrà. Ibi tí o bá dà á sí lónìí ni ìyàwó rẹ lè gbin tẹ̀tẹ̀ sí ní ogún ọdún òní. Ilẹ̀ tí o ti ṣiṣẹ́, fi aṣọ tútù nù ún bí ó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì, má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a.

Fọ ọwọ́ àti ojú rẹ kí o tó mu omi pàápàá. Bọ́ aṣọ iṣẹ́ síta, kí o fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kì í ṣe pẹ̀lú aṣọ ọmọ, kí o sì wẹ orí rẹ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ èyí lójoojúmọ́, tí inú ń run tàbí tí orí ń fọ́ láìsí ibà, ó yẹ kí ó sọ irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún dókítà, nítorí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà tí ó lè fi iye òjé ara hàn, dókítà kò sì ní rántí rẹ̀ bí a kò bá sọ.

Ní ti kíkùn, jẹ́ kí pákó gbẹ dáadáa fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ìgbà ọyẹ́ ni ó dára jù, ṣùgbọ́n kí o kùn ún ní òwúrọ̀ kí ọyẹ́ tó máa fẹ́ eruku. Bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ọ̀dà bí èyí tí ó fẹ́ tà fún ọ bá ní òjé, kí o sì wo ara agolo rẹ̀. Kun ọ̀dà àkọ́kùn, fi sáńpépà 220 pa á lórí díẹ̀, kun ti òkè ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí o jẹ́ kí èkíní gbẹ kí èkejì tó lé e. Ní ọjọ́ kẹta o lè gbé ilẹ̀kùn náà padà sí ẹnu ọ̀nà, kí o sì tú adìyẹ sílẹ̀.